Ṣé fíìmù Rue Cases-Nègres lè dípò ìwé rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan kọ̀wé sí wa báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èdè Faransé ni mo ń kọ́ ní yunifásítì, mo wà ní ọdún kẹta. Wọ́n ní ká ka La Rue Cases-Nègres ti Joseph Zobel sílẹ̀ de ìdánwò. Mi ò tètè rí ìwé náà, ni mo bá lọ wo fíìmù rẹ̀, mo sì sunkún níbi tó parí sí. Ìgbà tí mo wá ń sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi tó ti ka ìwé, ó ní irọ́ ni mo ń pa. Ó ní ìyá José ò kú, pé José ò tilẹ̀ sí nílé lọ́jọ́ tí ìyá àgbà kú. Ṣé fíìmù mìíràn ni mo wò ni? Èwo ló jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì? Ṣé mo sì lè fi fíìmù yìí ṣe ìdánwò?"

Àbúrò, fọkàn balẹ̀. Fíìmù tí o wò kì í ṣe ayédèrú, ọ̀rẹ́ rẹ náà ò sì purọ́. Joseph Zobel, ọmọ Martinique, erékùṣù kan ní agbègbè Kàríbíánì, tí wọ́n bí ní 1915, ló kọ ìwé náà, ó sì jáde ní 1950. Euzhan Palcy, ọmọ erékùṣù kan náà, ló sọ ọ́ di fíìmù ní 1983. Nínú ìwé, Délia, ìyá José ọmọkùnrin tí ìtàn náà dá lé, wà láyé títí ìtàn fi parí. Nínú fíìmù, ó ti kú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, ó wá ku M'man Tine, ìyá àgbà, nìkan fún ọmọ náà. Nínú ìwé, Fort-de-France, olú ìlú Martinique, ni José wà nígbà tí M'man Tine kú sí abúlé. Nínú fíìmù, José fọwọ́ ara rẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ òkú ìyá náà. Ohun tó kó ìdààmú bá ọ ni pé o rò pé bí wọ́n bá mú fíìmù jáde látinú ìwé, ìwé náà ni wọ́n kàn ya ní fọ́tò. Kò sí fíìmù tó rí bẹ́ẹ̀. Ìtàn àròsọ sì ni méjèèjì, bí Zobel tilẹ̀ fa púpọ̀ nínú tirẹ̀ yọ látinú ìgbà èwe ara rẹ̀, nítorí náà ìbéèrè "èwo ló jẹ́ òótọ́" ò ní gbé ọ dé ibi kankan. Ní ti ìdánwò, má dán an wò. Ẹni tó bá ka ìwé náà rí á mọ̀ nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ pé fíìmù lo wò, torí Délia á ti sọnù nínú ìdáhùn rẹ.

Kí n tó ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi yí ìtàn padà, jẹ́ ká kọ́kọ́ tún àwọn nǹkan kan ṣe tí àwọn tó bá wo fíìmù yìí láìka ìwé sábà máa ń gbé gba ọ̀nà òdì. Wọ́n á ní ìtàn ẹrú ni. Ọdún 1848 ni ìjọba Faransé dá àwọn ẹrú Martinique sílẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930 sì ni ìtàn fíìmù náà. Ohun tó mú kó jọ oko ẹrú ni pé òmìnira dé, ilẹ̀ ò kúrò lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tí wọ́n ń pè ní béké. Ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ láàárọ̀ ò ní ilé, kò ní oko, ó di dandan kó padà lọ bá ọ̀gá àná, kó máa gba owó táṣẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Sátidé. Ohun tí Médouze, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ José, ń sọ fún un létí iná lálaalẹ́ nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, Zobel júwe Rue Cases-Nègres, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́ oko ìrèké, ní ìlà mélòó kan tó yẹ kí o há sórí: bí ahéré onípákó méjìlá lọ́nà mẹ́ta, páánù lórí gbogbo wọn, wọ́n tò ní ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, lókè pátápátá ni ilé ọ̀gá oko wà, alámọ̀ sísun ni òrùlé tirẹ̀. Ẹni tó bá rí ìyàtọ̀ òrùlé méjèèjì ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìjọba ibẹ̀. Martinique tún jẹ́ ilẹ̀ àmúsìn Faransé nígbà yẹn, ọdún 1946 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹ̀ka ilẹ̀ Faransé gan-an, ìdí nìyẹn tí ìdánwò Faransé àti sikọ́láṣípù fi jẹ́ ọ̀nà pàtàkì tí ọmọ oko fi lè jáde. Kí n má gbàgbé: Carmen, ọ̀rẹ́ José, ọkùnrin ni o. Má lọ kọ "elle", tí Faransé ń lò fún obìnrin, fún un.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ ìyá tí ẹ torí rẹ̀ ń jà. Nínú ìwé, M'man Tine ro ẹjọ́ ayé ara rẹ̀. Ọmọdé ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ẹbí rẹ̀ kan sì tì í wọ inú petites-bandes, ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko ìrèké. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, alábòójútó oko fipá bá a lò, oyún Délia nìyẹn. Ó wá pinnu pé Délia ò ní fi ẹsẹ̀ tẹ oko náà. Délia di ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó ní ìlú, José ọmọ Délia ló sì jàjà dé ilé ìwé. Ìyá àgbà wà lóko, ìyá wà ní ilé ìdáná òyìnbó, ọmọ wà ní kíláàsì: àkàbà alákàsọ̀ mẹ́ta ni ìwé náà. Nígbà tí José yege láti wọ lycée, ilé ẹ̀kọ́ girama, ní Fort-de-France tí wọ́n sì fún un ní ìdá kan péré nínú mẹ́rin owó sikọ́láṣípù, Délia ló ń fọṣọ olówó, tó ń lọ̀ ọ́, kí ìdá mẹ́ta yòókù lè pé.

Palcy yọ àkàsọ̀ àárín. Bí o bá ti rí èyí, gbogbo ohun tó kù á yé ọ. Bí Délia ò bá sí, ta ni yóò san owó ilé ìwé? M'man Tine ni. Bí M'man Tine ni yóò bá san án, arúgbó náà gbọ́dọ̀ kúrò lóko, kó bá José wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Fort-de-France, kó máa fọṣọ níbẹ̀. Bó bá ti di ará ìlú, ohun kan gbọ́dọ̀ gbé e padà sí Rue Cases-Nègres kó tó lè kú síbi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé ọmọ kan ṣoṣo yìí ló ní láyé, ta ni yóò tún òkú rẹ̀ ṣe bí kò ṣe José? Ìyípadà tó dà bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún, ọ̀kan ṣoṣo ló bí wọn. Nínú àròkọ tó ń fi ìwé wé fíìmù, ohun tó máa ń pa akẹ́kọ̀ọ́ ni kíka ìyàtọ̀ jọ ní ìkọ̀ọ̀kan láìwá èyí tó bí àwọn yòókù. Ẹni tó bá kọ ogún ìyàtọ̀ sílẹ̀ láìsọ ìbátan wọn, ó fi hàn pé òun rí wọn ni, kò tíì fi hàn pé ó yé òun.

Kí ló dé tó fi yọ ọ́? Lójú tèmi, ìfẹ́ òǹwòran ló rò. Nínú ìwé tó tó nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ojú ìwé, àyè wà fún obìnrin méjì láti jìyà nítorí ọmọ kan. Ìṣẹ́jú 103 ni fíìmù náà, bí obìnrin méjì bá pín ìyà yẹn, kò ní sí èyí tí a ó mọ̀ dáadáa. Nígbà tó kó gbogbo rẹ̀ lé M'man Tine lórí, Darling Légitimus tó ṣe ipa náà rí ohun gidi mú ṣe, òun náà ló sì gba ẹ̀bùn òṣèré obìnrin tó dára jù ní àjọ̀dún fíìmù Venice ní 1983, níbi tí fíìmù náà ti gba Kìnnìún Fàdákà. Ṣùgbọ́n ohun kan run síbẹ̀. Ìwà ipá tó bí Délia, àti ayé ọmọ ọ̀dọ̀ tó máa ń gbé ọmọ tirẹ̀ jù sílẹ̀ kó lè tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, ìwé nìkan lo ti lè rí wọn dáadáa.

Ọjọ́ orí José ni ìdí kejì. Nínú ìwé, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì ni nígbà tí ìtàn bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó ti jókòó ṣe baccalauréat, ìdánwò àṣekágbá ilé ẹ̀kọ́ girama Faransé, ni nígbà tó parí. Garry Cadenat, ọmọdé kan ṣoṣo, ló ṣe José nínú fíìmù, kò sì sí bí ọmọdé ṣe lè dàgbà ní ọdún mẹ́wàá láàárín ìgbà tí wọ́n ń ya fíìmù. Bí o bá lo ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, gbogbo ìgbà tí ojú bá yí padà ni òǹwòran á tún bẹ̀rẹ̀ sí í mọ José lọ́tun. Owó náà tún wà ńbẹ̀. Fíìmù gígùn àkọ́kọ́ Palcy nìyí, ọmọ ọdún márùn-únlélógún ni nígbà tó jáde, kò rọrùn fún un láti rí owó kó jọ; ìlú Fort-de-France, nígbà tí Aimé Césaire jẹ́ olórí ìlú níbẹ̀, wà lára àwọn tó ràn án lọ́wọ́. Ọdún mẹ́wàá nínú ìtàn túmọ̀ sí aṣọ púpọ̀, ilé púpọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ púpọ̀. Ó ká ìtàn kò. Ohun tó bá a lọ ni José tó ti bàlágà: ọmọ tí lycée sú, tí kì í ṣe àkọ́kọ́ ní kíláàsì mọ́, tó ń ka Batouala ti René Maran àti Banjo ti Claude McKay nígbà tó yẹ kó máa ka iṣẹ́ ilé ìwé, tó sì fìdí rẹmi nínú ìdánwò. José inú fíìmù, ọmọ olórí pípé ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní "ìdàgbàsókè José" nínú ìdánwò, ibi tí fíìmù á ti já ọ jù nìyẹn.

Léopold, ọ̀rẹ́ José nínú fíìmù, ńkọ́? Kò sí Léopold nínú ìwé. Ọmọ tó jọ ọ́ níbẹ̀ ni Jojo, Georges Roc, ọmọ tí bàbá rẹ̀ rí jájẹ, tí wọ́n gbà kúrò lọ́wọ́ ìyá tó bí i, tí ìyàwó bàbá sì ń fojú rẹ̀ rí màbo títí ó fi sá kúrò nílé. Palcy sọ ọ́ di ọmọ tí béké bí fún obìnrin dúdú, irú ọmọ tí a ń pè ní áfíkáàsì níbí. Bàbá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ dé ìwọ̀n àyè kan, ṣùgbọ́n nígbà tó ń kú lọ, ó kọ̀ láti fún un ní orúkọ rẹ̀, nítorí orúkọ òyìnbó ni. Léopold wá lọ jí ìwé ìṣirò owó láti fi hàn pé wọ́n ń rẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ jẹ, wọ́n sì mú un. Àwọn kan ní eléyìí ti jọ eré orí ìtàgé jù. Èmi rò pé òun ni àfikún tó dára jù nínú fíìmù náà. Zobel lè fi ojú ìwé mẹ́wàá ṣàlàyé bí àwọ̀ ṣe ń pín ènìyàn sí ìpele ìpele ní Martinique. Sinimá nílò ojú ọmọ kan tó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tó ń gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń sẹ́ ẹ.

Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ àròkọ. Nínú méjèèjì, José kọ àròkọ nípa ikú Médouze, olùkọ́ lycée sì sọ lójú gbogbo kíláàsì pé ó jí i kọ ni, pé ọmọ bíi tirẹ̀ ò lè kọ irú èyí. Nínú fíìmù, olùkọ́ náà wá títí dé ilé wọn, ó tọrọ àforíjì, sikọ́láṣípù sì wá pé pérépéré. Òǹwòran á mí kanlẹ̀. Ibi tí fíìmù náà rọ̀ jù nìyẹn. Nínú ìwé, ọgbẹ́ yẹn ò rí oògùn bẹ́ẹ̀, ó wà lára ohun tó mú José bínú sí ilé ìwé fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí o bá ń kọ ìdáhùn, ìyàtọ̀ yìí ni kí o fi ṣe ẹ̀rí pé fíìmù gba ilé ìwé gbọ́ ju Zobel lọ.

Ìparí tó pa ọ́ lẹ́kún wá kù. Nínú ìwé, ìròyìn ikú ló bá José ní ìlú. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni ọwọ́ M'man Tine lórí aṣọ ibùsùn funfun: ọwọ́ dúdú, ó wú, ó le, ó sán káàkiri, ìdọ̀tí oko sì ti wọ inú gbogbo ojú ibi tó sán. Zobel dúró lórí ọwọ́ yẹn pẹ́, nítorí òun ni gbogbo ìwé náà ti ń bọ̀ wá bá: àwọn ìka tó ti gbé oúnjẹ fún José, tó ti nà án, tó ti fa koríko lẹ́sẹ̀ ìrèké. Lẹ́yìn náà ló wá mọ̀ pé ìtàn tí òun mọ̀ yìí, àwọn tó di ojú àti àwọn tó di etí ló yẹ kí òun pariwo rẹ̀ sí. Kámẹ́rà ò lè ya ohun tó wà lọ́kàn José nìkan. Palcy gbé José wọ inú ahéré, ó fi omi lé e lọ́wọ́, ó jẹ́ kó máa wẹ ẹsẹ̀ ìyá náà díẹ̀díẹ̀. Ohun tí Zobel fi ìrònú ṣe, ó fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣe é. Ohùn José tó gbẹ̀yìn sọ pé M'man Tine ti lọ sí Afíríkà Médouze, pé òun á padà sí Fort-de-France lọ́la, òun á sì gbé Rue Cases-Nègres òun dání. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ní wọ́n ba ìparí jẹ́, sọ fún un pé Zobel fúnra rẹ̀ wà nínú fíìmù náà, òun ló ṣe àlùfáà.

Àwọn nǹkan kan wà tí fíìmù fún ọ tí ìwé ò lè fún ọ, ó sì yẹ kí o gbádùn wọn. Etí ni àkọ́kọ́. Ìwé náà ní àlọ́ àpamọ̀ nínú, ṣùgbọ́n nínú fíìmù lo ti máa gbọ́ bí Médouze ṣe ń pè é, tí José sì ń dáhùn wàrà, gẹ́lẹ́ bí "Ààlọ́ o" ṣe máa ń gba "Ààlọ̀" lọ́dọ̀ wa. Àìsùn òkú Médouze náà rí bẹ́ẹ̀: ẹnì kan ń ké, agbo ń gbè é. Douta Seck, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, ló ṣe Médouze, ohùn ilẹ̀ Afíríkà gan-an ló sì wà lẹ́nu ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ Guinée, ìyẹn Afíríkà àwọn baba ńlá rẹ̀, tí kò dé rí. Rántí pé nígbà tí Zobel kọ ìwé rẹ̀, òun náà ò tíì lọ gbé ní Afíríkà. Ọdún 1957 ló tó kó lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà. Afíríkà tí wọ́n fi etí gbọ́ ni Médouze ń sọ.

Etí yìí kan náà ni yóò ràn ọ́ lọ́wọ́ nínú èdè. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jáde nísàlẹ̀ fíìmù kì í fi hàn ọ́ ibi tí Faransé ti parí tí Kireole, èdè ìbílẹ̀ àwọn ará Martinique, sì ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó sọ èyí àti ìgbà tó sọ ọ́ ṣe pàtàkì. Ohun tó rọrùn láti dá mọ̀ ni "ka" níwájú ọ̀rọ̀ ìṣe: "mwen ka manjé" ni "mo ń jẹun". Bí o bá gbọ́ "ka" yẹn, Kireole ni wọ́n ń sọ. Ìwé ní tirẹ̀ ń lo passé simple, irú ọ̀rọ̀ ìṣe àtẹ̀yìnwá tí Faransé ń lò nínú ìwé, èyí tí a kì í sábà gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, nítorí náà fíìmù ò ní kọ́ ọ ní gírámà ìwé náà.

Bí mo ṣe máa ní kí o ṣe é nìyí. Wá ìwé náà ní Faransé. Bí o bá ń ka ogún ojú ìwé lójúmọ́, o ò ní ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ààbọ̀ lọ. Apá mẹ́ta ló ní. Ka apá kìíní tán, kí o wá wo fíìmù dé ibi tí wọ́n ti sin Médouze, kí o sì pa á. Ka apá kejì, kí o wo dé ibi tí èsì ìdánwò José ti jáde. Apá kẹta gùn, ibẹ̀ ni fíìmù sì ti sáré jù, nítorí náà má yára níbẹ̀: ibẹ̀ ni José, Carmen àti Jojo ti ń jiyàn lórí bí sinimá ṣe máa ń fi ènìyàn dúdú hàn, ní dẹ́rẹ́bà, ní ọmọ ọ̀dọ̀, ní aláwàdà lásán. Ojú ìwé yẹn dára púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ kọ̀wé nípa fíìmù tí wọ́n ṣe látinú ìwé yìí kan náà. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ, kọ nọ́ńbà ojú ìwé sápá kan, ìṣẹ́jú fíìmù sápá kejì, kí o sì kọ ẹni tó wà níbẹ̀ àti ẹni tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí. Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ni Délia á ti máa yọjú sí ọ.

Ṣọ́ra fún àwọn Roc: olùkọ́ José ní abúlé ń jẹ́ Roc, ìdílé Jojo náà ń jẹ́ Roc. La Rue Cases-Nègres ni ìwé, Rue Cases-Nègres láìsí "La" ni fíìmù, kọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Má sì fa ọ̀rọ̀ tí o kà nísàlẹ̀ fíìmù yọ kí o wá ní Zobel ló kọ ọ́. Bóyá olùkọ́ yín á gbà kí o mẹ́nu kan fíìmù nínú ìdáhùn, òun ni kí o lọ bi, kí o sì bi í kí ọjọ́ ìdánwò tó kù sí dẹ̀dẹ̀. Bó bá gbà, ìpínrọ̀ kan péré ni kí o fún fíìmù, lẹ́yìn tí o bá ti dáhùn látinú ìwé tán.